Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Pè

Ogún ọdún ni Tájù ti ń lẹ táyà tírélà ní Liverpool Road ní Àpápá. Èéfín rọ́bà àti eruku ọkọ̀ tó ń lọ sí èbúté ti họ ọ̀fun rẹ̀ dé gbòǹgbò. Bó bá ń kọ fújì níbi ìsọmọlórúkọ, ohùn rẹ̀ á dún bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí kọnkéré. Síbẹ̀, wọ́n ń pè é, nítorí ó mọ èèyàn kì. Kó tó mú gbohùngbohùn, á ti yí ìjókòó ká, á lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà kan, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ jọ wá? Ọmọ ibo ni bàbá tó fẹ̀yìn ti ògiri yẹn?" Bó bá wá bẹ̀rẹ̀, orí gbogbo wọn á wú.

Onoriode ló yí nǹkan padà. Ọmọ Urhobo tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀ ni, ó sì ní yàrá kan ní Olódì-Àpápá tó ti ń gba orin sílẹ̀. Ó ki ohùn Tájù bọ inú kọ̀ǹpútà, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, títí ó fi ń dán bí àwo tuntun. Kò pẹ́ tí orin náà fi wọ fóònù gbogbo awakọ̀ tó tò sí Creek Road.

Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan ń gbọ́ ọ bí Tájù ṣe ń lẹ táyà rẹ̀. Tájù bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é.

"Bọ̀dá, ẹ ṣàánú mi," ni awakọ̀ náà wí. "Ẹ má ba orin jẹ́ mọ́ mi létí."

Tájù rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ikùn.

Ibẹ̀ ló wà tí Alhaji Yasir fi ránṣẹ́ pè é. Tírélà méjìlá ni Alhaji ní, ọ̀dọ̀ Tájù sì ni gbogbo wọn ti ń lẹ táyà.

"Lubabah ọmọ mi fẹ́ ṣe wòlímọ̀," ni Alhaji wí. "Gbogbo ẹbí mi ló ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn. Ohùn inú fóònù yẹn gan-an ni mo fẹ́ o. Má dójú tì mí."

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu Tájù mọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀fun òun, ayédèrú ni wọ́n máa pe òun. Ta ló máa gbé táyà wá fún ayédèrú?

"Ọ̀gá mi, why you dey fear?" ni Onoriode wí. "A máa gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ kàn máa la ẹnu."

"Orúkọ àwọn àlejò ńkọ́? Fújì tí kò bá pe èèyàn, ariwo lásán ni."

"Ẹ ní kí ọmọ Alhaji kọ wọ́n sínú ìwé."

Lubabah kọ orúkọ mẹ́rìnlá. Tájù kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà sì fọ̀ wọ́n. Oṣù kan gbáko ló kù kí ọjọ́ pé.

Nígbà tó pé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Tájù ò yí ìjókòó ká. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló jókòó sí kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Onoriode tẹ ẹ̀rọ, Tájù jáde, ó ń la ẹnu, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn etí rẹ̀. Inú àwọn èèyàn dùn, wọ́n gbé fóònù sókè. Àyà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ dé orí orúkọ kẹfà.

"Bàbá Lásísì, ọmọ Ìsẹ́yìn, mo rí yín níbẹ̀ yẹn! Ẹ dìde fún wa!"

Àwọn èèyàn sọ fóònù wọn kalẹ̀. Ìyá àgbà kan níwájú ká ọwọ́ lérí. Tájù wo Lubabah lórí àga ọlá, ó rí i bí ọmọ náà ṣe ń mi orí, tó ń fi ẹnu sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè: Wọ́n ti kú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Ẹ dìde, bàbá mi! Ẹ jó díẹ̀ fún wa!"

Onoriode tí kò mọ̀ pé òkú ni ẹ̀rọ ń pè ṣì ń jó nídìí rẹ̀.

"Pa á!" ni Tájù pariwo. Gbohùngbohùn gbé ohùn híhá náà dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ẹ̀rọ dákẹ́. Tájù dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá náà. "Ẹ forí jì mí, ìyá. N kò béèrè." Kò mọ ohun míì tó lè ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin tọrọ àforíjìn fún òkú, ohùn náà ń já, ó ń so. Èèyàn méjì péré ló ṣe àmín.

"Ta lèyí?" ni ìyá náà béèrè. "Ẹni tó ń kọrin lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?"

"Èmi náà ni, ìyá."

"Irọ́!" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ẹ wo onítáyà!"

Ẹ̀rín bú. Alhaji dìde, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Tájù, lójú àwọn èèyàn mi, ohùn wo ni tìẹ?"

"Èyí tí mo fi ń bẹ̀ yín yìí ni, Alhaji."

Ìyá àgbà fi etí aṣọ nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi ló kú," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó parí àdúrà rẹ̀."

Tájù tún gbé e. Bó ṣe ń kọ ọ́, ojú Alhaji ló ń wò, kò sì rí i kà níbẹ̀ bóyá tírélà méjìlá yẹn á tún wá sọ́dọ̀ òun.