Iyanrìn Tí Bàbá Kazeem Dà Sílé Màmá Dára

Ní àdúgbò wa ní Okokomaiko, ilé kì í wó, ńṣe ló ń kúrú. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ fún ọdún díẹ̀ tó wá padà dé á rò pé àwọn lánlọ́ọ̀dù ti ń ri ilé mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbin iṣu. Fèrèsé tí èèyàn ń nawọ́ sókè kó tó kàn tẹ́lẹ̀, ewúrẹ́ ló ń yọjú wọ̀ ọ́ báyìí. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Òjò ló ń rọ̀ ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ, omi ń wọlé, àwọn onílé sì ń da iyanrìn sí àgbàlá kó lè ga. Bí àgbàlá tèmi bá ga, omi á yà sọ́dọ̀ rẹ. Bí ìwọ náà bá da tìrẹ, á yà sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé ọ. Omi wá dà bí àlejò tí gbogbo mọ̀lẹ́bí ní àwọn fẹ́ràn, tí kálukú sì ń júwe ilé àbúrò rẹ̀ fún.

Ẹni tó ń bá wa ṣe iṣẹ́ yìí ni Rájí Àdìó, bíríkìlà ará Ayétòrò, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kazeem. Yóò da iyanrìn sí yàrá, yóò fi simẹ́ńtì lé e lórí, yóò gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, yóò sì ní kí onílé máa rántí tẹrí ba bó bá ń wọlé. Tẹ́lẹ̀, ilé tuntun ló máa ń kọ́. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, ilé tó ti wà ni wọ́n ń pè é pé kó wá bá àwọn gbà lọ́wọ́ omi. Bí àwọn onírédíò bá ń kéde pé ojú ọjọ́ ti yí padà, pé òkun ń ga sí i, pé òjò ọdún yìí yóò tètè dé, yóò sì pọ̀, àwa á máa mi orí tìkáàánú-tìkáàánú, Bàbá Kazeem á máa nu ṣọ́bìrì rẹ̀.

Ní ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù, Adédàmọ́lá tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Iyana-Iba fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé èéfín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun ló mú kí ayé gbóná, pé ìgbóná yìí ló sì ń da òjò rú. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan béèrè bóyá a lè kọ̀wé sí wọn. Lẹ́yìn náà la fẹnu kò pé kí kálukú máa gbé ilé tirẹ̀ sókè.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ilé Bàbá Kazeem fúnra rẹ̀ wà, létí àbàtà. Ó ti gbé ilẹ̀ yàrá rẹ̀ sókè rí, fìlà rẹ̀ sì ti ń kan àjà, torí ọkùnrin gíga ni. Bó bá ń wọlé sùn, ẹni tó bá rí i á rò pé ó ń lọ kí ọba. Kò tún ṣe é gbé mọ́ àfi kó ṣí páànù. Mùsítúrà ìyàwó rẹ̀ ń ta èèpo ẹ̀gẹ́ àti èèpo ẹ̀wà fún àwọn tó ń ra àgbò ní Alaba Rago. Inú ilé náà ló ń kó àwọn àpò rẹ̀ sí. Lóṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, omi bá wọn níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì bu. Àgbò tó ń jẹ páálí lójú títì gbóòórùn rẹ̀, ó yí orí padà.

Síbẹ̀, ilé kan ń gbèjà wọn. Láàárín wọn àti gbogbo àwọn tó ti da iyanrìn, ilé Màmá Dára nìkan ló kù tí kò ga. Òun ni abọ́ tó ń kún kí omi tó kàn wọ́n. Fọláṣadé Ògúnlẹ́yẹ lorúkọ Màmá Dára gan-an, opó ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, orúnkún sì ń dà á láàmú. Lọ́jọ́ tí omi bá wọn lóṣù kẹwàá yẹn, orí tábìlì ìjẹun ni wọ́n ti lọ gbé e. Bíbélì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wà lọ́wọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ iná ti lọ láti ìjẹta.

Lọ́dún yìí, ọyẹ́ kò fẹ́ tó nǹkan, ooru sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ọdún tó jókòó dáadáa. Màmá Dára gbọ́ ohun tí rédíò wí, ó ránṣẹ́ pe Bàbá Kazeem pé kó wá bá òun gbé yàrá àti àgbàlá sókè kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Bàbá Kazeem ní òun á ronú sí i. A ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó délé, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Mùsítúrà ń rán ẹnu àpò lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Bàbá Kazeem, ibo lomi rẹ̀ máa gbà jáde?"

Ó ní páìpù á wà níbẹ̀.

"Páìpù ọ̀hún, ilé ta ló máa dojú kọ?"

Ní àdúgbò wa, kò sẹ́ni tó ń ṣe fẹ́ǹsì tí kì í fi ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, níhà ọ̀dọ̀ aládùúgbò, kí omi lè máa bá tirẹ̀ lọ. Bíríkìlà ló sì ń fi páìpù síbẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe dà, ibì kan ṣoṣo ni páìpù Màmá Dára lè dojú kọ.

Ó wá lọ sọ fún Màmá Dára pé òun ò ní lè ṣe iṣẹ́ náà. Ó ní ara òun ò yá. Ó ní Kazeem ọmọ òun ń retí òun ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ó ní simẹ́ńtì òde òní kì í mú. Màmá Dára tẹ́tí sí i bó ṣe máa ń tẹ́tí sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ewúrẹ́ ló jẹ ìwé òun.

"Bàbá Kazeem, ẹ ti gbé ilé gbogbo àdúgbò sókè. Omi gbogbo wọn, inú ilé tèmi lẹ dà á sí. Mi ò bá yín jà. Ó wá kan tèmi, ara yín ò wá yá."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀.

"Bẹ́ ẹ bá kọ̀, màá pe ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ ni, torí iṣẹ́ yín dáa."

Ìyìn yẹn ló dùn ún jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbìyànjú nǹkan kan. Ó lọ sípàdé, ó ní kí onílé kọ̀ọ̀kan yọ̀ǹda ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì rẹ̀, kí a fi la gọ́tà kan ṣoṣo láti òkè títí dé àbàtà. Ó ní òun á yọ̀ǹda tòun, Màmá Dára náà sì ti gbà. A yìn ín púpọ̀. A ní ọpọlọ rẹ̀ pé. Àwọn ará òkè ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, àwọn ará àárín ní kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹnì kan ní ilẹ̀ tí òun fi àárọ̀ ọjọ́ rà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, òun ò ní fi alẹ́ ọjọ́ sọ ọ́ di ojú ọ̀nà omi. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ gọ́tà parí sí.

Ni típà bá já iyanrìn sẹ́nu ọ̀nà Màmá Dára. Bàbá Kazeem ṣiṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Nígbà tó kan páìpù, ó lè fi kékeré sí i, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n kékeré á dí, omi á sì padà sí yàrá obìnrin náà. Èyí tó gbòòrò ló fi sí i. Ẹnu páìpù yọ lára fẹ́ǹsì, ó sì kọjú sí yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Mùsítúrà ò bá a jà. Ó se oúnjẹ ọkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń sè é, ó sì gbé àga rẹ̀ sí ọ̀kánkán páìpù náà kó lè máa wò ó jẹun.

Òjò dé ṣáájú ìgbà tí àwọn àgbà mọ̀ ọ́n sí, ó sì bá ọ̀rọ̀ rédíò mu, èyí tó bí àwa kan nínú. Ọ̀sán Sátidé ni. Ooru ti kọ́kọ́ mú wa títí, ojú ọ̀run wá dúdú, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wálẹ̀. Páìpù wú ikọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló la ẹnu. Bàbá Kazeem gbé búlọ́ọ̀kù kan àti àpò òfìfo, ó lọ dúró níwájú rẹ̀. Bó bá dí i, ilé Màmá Dára ni gbogbo omi náà á kún. Nínú irú òjò yẹn, kò sẹ́ni tí ì bá rí i.

Mùsítúrà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Bẹ́ ẹ bá máa dí i, ẹ dí i. Ẹ má kàn dúró sínú òjò."

Bàbá Kazeem dúró síbẹ̀ pẹ́. Nígbà tó yá, ó gbé búlọ́ọ̀kù náà wọlé, ó fi ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè. Wọ́n ń to àpò èèpo ẹ̀gẹ́ lé bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ nígbà tí omi kọjá ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n ń tò ó síbẹ̀síbẹ̀ nígbà tó kan orúnkún. Mùsítúrà bá gbé mátírẹ́ẹ̀sì lérí, kò bi ẹnikẹ́ni, ó kọrí sílé Màmá Dára. Bàbá Kazeem ru àpò tẹ̀ lé e.

Màmá Dára ṣílẹ̀kùn. Ó wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ lórí ẹsẹ̀.

"Ẹ ṣan ẹsẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó wọlé. Ilẹ̀ tuntun ni bàbá yìí ṣe fún mi."

Wọ́n jókòó sí pálọ̀. Ibẹ̀ gbẹ, àmọ́ àjà ibẹ̀ náà ti ń kan fìlà. Àpò èèpo ẹ̀gẹ́ ń rùn lábẹ́ àwòrán olóògbé Ògúnlẹ́yẹ, ẹni tó fẹ́ràn ìmọ́tótó nígbà ayé rẹ̀. Mùsítúrà fi mátírẹ́ẹ̀sì ti ògiri, ó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Tá a bá ṣí páànù, tá a gbé tiwa náà sókè, ta lomi tún kàn?"

"Kò kan ẹnikẹ́ni," ni Bàbá Kazeem wí. "Lẹ́yìn tiwa, àbàtà ni."

Màmá Dára wà lójú fèrèsé ẹ̀yìn. "Àbàtà wo? Ẹ wá wò ó."

Wọ́n lọ wò ó. Àbàtà ti kún dé ojú fèrèsé ilé Bàbá Kazeem, kò sì mọ ààlà ara rẹ̀ mọ́. Ó ti ń gòkè bọ̀. Páìpù ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi pé láti ilé Bàbá Kazeem lomi ń gbà á wọ àgbàlá Màmá Dára báyìí, ó ń tẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ lórí iyanrìn tuntun. Màmá Dára na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún, ó wo ibi tí tábìlì ìjẹun wà. Mùsítúrà ti ń gbé àpò kúrò nílẹ̀. Bàbá Kazeem gbójú sókè sí àjà, ó ń fojú wọn àyè tó kù fún iyanrìn.