Màmá Jẹ́jẹ́ tí Mùnírátù Wẹ̀

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ń sá fún ni wọ́n máa ń lọ fi ọwọ́ ara wọn mú. Irú wọn ni Mùnírátù. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ilé tí wọ́n ti ń wẹ òkú obìnrin ni wọ́n sì bí i sí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Bí obìnrin mùsùlùmí kan bá ti dákẹ́ ní àdúgbò wọn, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Yóò ká apá bùbá rẹ̀ sókè, yóò ṣe bísímílà, yóò sì máa da omi sí ẹni náà lára pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń wẹ ọmọ tuntun. Kì í gba kọ́bọ̀. Ẹja yíyan tó ń tà ní Ọjà Olúwo ló fi ń jẹun.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí èéfín ẹja sì ti ń da ojú rẹ̀ láàmú, Salman ọmọ rẹ̀ ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ìkòròdú. Ó wá. Ó jókòó sílé títí ilé fi sú u. Ibi tó ti ń wá ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe ló ti gbọ́ nípa Ilé Ìtura.

Ilé háyà kan lẹ́yìn garéèjì ni Ilé Ìtura. Adéfẹ́mi, tísà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló dá a sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń dá owó sí i, àwọn mùsùlùmí náà a sì máa gbé sàárà wá síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn tí kò ní ibi tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ń tọ́jú: àwọn tó ń sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń sùn sábẹ́ táábìlì ọjà, àwọn tó ń sùn sínú mọ́tò tó ti kú. Wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, wọ́n ń di egbò fún wọn, ẹni tí àìsàn bá sì ti dá mọ́lẹ̀, wọ́n a gbé e wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá ṣèrànwọ́. Wọ́n á bu ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò, ó di gbére. Ta ni yóò wá wẹ ẹni tí omi kò kan ara rẹ̀ láti ọdún tó kọjá? Nígbà tí Mùnírátù béèrè iṣẹ́ tó kù, tísà tijú kó tó sọ ọ́. Obìnrin yìí ní kí wọ́n gbé ọṣẹ àti kànìnkànìn wá. Ó ní òun tí òun ń wẹ òkú, kí ni òun fẹ́ bẹ̀rù lára alààyè.

Kò sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́ fún tísà. Mọ́ṣúdù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jáde kúrò ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó ní òun ń wá iṣẹ́ lọ sí Èkó, kò padà wá mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbọ́ ni pé ọkùnrin kan tó jọ ọ́ kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ìjọba sì kó o pọ̀ mọ́ àwọn òkú tí kò lẹ́ni, wọ́n lọ sin wọ́n. Níbo? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá wọn gbé ìbéèrè yẹn lọ sí ọ̀run. Nítorí náà ni Mùnírátù ṣe pinnu pé ẹnikẹ́ni tí Ọlọ́run bá fi lé òun lọ́wọ́, wọn kò ní sin ín bí ẹni tí kò lẹ́ni. Ohun tó mú un dúró níbẹ̀ nìyẹn, kò sí òmíràn.

Àsìkò òjò ni wọ́n gbé Màmá Jẹ́jẹ́ wọlé. Àwọn tó ń ta káàdì ní garéèjì ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í sọ̀rọ̀, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ ló gbé e dé. Nígbà tí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, òun kò mọ ibi tó ń lọ. Kọ̀ǹdọ́ bi í títí, ó sú kọ̀ǹdọ́. Ìgbàgbé ti gbé orúkọ ìyá àgbà náà lọ, ó gbé ti ọmọ lọ, ó gbé ti ìlú lọ. Abẹ́ agbòjò ẹnìkan tó ń tún fóònù ṣe ló sùn fún oṣù díẹ̀ kí ojú àwọn Ilé Ìtura tó tó o.

Mùnírátù wẹ̀ ẹ́, ó fi òróró pa á lára, ó sun àkísà tó wà lọ́rùn rẹ̀. Òtútù ń mú un. Mùnírátù bá tú àpò aṣọ tí àwọn èèyàn kó wá, ó rí híjáàbù aláwọ̀ aró kan tó nípọn, ó fi dé e lórí. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Màmá Jẹ́jẹ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ ọ lórí òun mọ́. Bí Mùnírátù bá tẹ́ ẹní láti kírun, ìyá yìí á rọra wá jókòó sí etí rẹ̀. Bó bá tẹríba, òun náà á tẹríba. Ó ń pe Mùnírátù ní "ìyá mi", bẹ́ẹ̀ òun gan-an tó bí i lọ́mọ. Bó bá sì sọ̀rọ̀ rárá, á béèrè bóyá omi ọ̀sà ti fà. Mùnírátù á rẹ́rìn-ín, á ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ bíi tòun ni. Ta ni yóò sọ pé obìnrin yìí kì í ṣe mùsùlùmí?

Tísà ya fọ́tò rẹ̀ tòun ti híjáàbù, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ẹni tó mọ̀. Ó sì bẹ Mùnírátù pé bó bá ti ń lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́, kó bá òun fi hàn káàkiri. Ó fi hàn, kò ṣe ìmẹ́lẹ́. Ó fi han gbogbo àdúgbò wọn, ó fi han àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàláátù, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn áfáà, ó fi han àwọn tí wọ́n jọ ń ta ẹja tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní Ọjà Olúwo yìí náà, lápá etí omi, àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ẹja wá, àwọn tó ti etíkun Oǹdó wá tẹ̀dó sí àwọn abúlé inú ọ̀sà. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, èdè wọn sì yàtọ̀ díẹ̀. Mùnírátù ń kí wọn, ó ń ná ẹja lọ́wọ́ wọn, ó ń bá wọn ṣàwàdà. Kò fi fọ́tò hàn wọ́n. Kí ni ì bá fi hàn wọ́n sí? Obìnrin oníhíjáàbù mà ni. Nígbà tí tísà bi í bóyá ó béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ó ní gbogbo èèyàn ni. Kò sì parọ́, lójú ara rẹ̀.

Ìyá àgbà náà kú lówùúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ó sùn, kò jí. Àwọn tó gbé sàárà wá ní oníre ni, wọ́n ní Ọlọ́run ló fẹ́ràn rẹ̀ tó fi mú un lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Mùnírátù nínú. Ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí Áfáà Ṣàmsúdéènì, kí wọ́n kírun sí i lára lẹ́yìn Jímọ̀, kí oòrùn má wọ̀ bá a lókè ilẹ̀. Tísà ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí mọ́ṣúárì ná, bóyá ẹnìkan ṣì lè yọjú.

"Tísà, ẹ fẹ́ kí wọ́n lọ kó o ti àwọn tí kò lẹ́ni? Ó lẹ́ni. Èmi rèé."

"Ìyá Salman, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀," ni Adéfẹ́mi wí. "Ṣùgbọ́n tí a bá ti sin ín, a kò lè yí i padà mọ́."

Obìnrin náà bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn, ó ń pe orúkọ Mọ́ṣúdù. Kí ni tísà fẹ́ ṣe? Ọkùnrin tó mọ ojú ni, kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé onígbàgbọ́ ló ń dí sísin òkú mùsùlùmí lọ́wọ́. Ó lọ fi tó ọlọ́pàá létí, ó padà wá, ó ní kí wọ́n máa ṣe é.

Mùnírátù wẹ̀ ẹ́. Ó wẹ apá ọ̀tún, ó wá kan ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ìyá náà le kókó ní ibi tí èèyàn fi ń di àjẹ̀ mú. Ó ti rí i tipẹ́, kò kà á sí. Lọ́jọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé àwọn obìnrin ilé tòun kì í wa ọkọ̀; àwọn ará inú ọ̀sà ni obìnrin wọn ń wà á. Ó gbé igbá omi dúró díẹ̀. Ṣé kó pe tísà? Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ta ló sọ pé mùsùlùmí kò lè wa ọkọ̀, ó sì ń bá omi dídà lọ. Ó fi òórùn dídùn pa á lára, ó fi aṣọ funfun wé e, ó dì í dáadáa. Àwọn ọkùnrin gbé e lọ. Obìnrin kì í bá òkú dé ìtẹ́ òkú ní ti àwọn mùsùlùmí ibẹ̀, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ló ti padà sẹ́yìn. Òjò rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ kejì ni obìnrin kan wọlé wá, ó ń mí gúlegúle. Gift lorúkọ rẹ̀. Abúlé kan nínú ọ̀sà, kọjá Ẹ̀pẹ́, ló ti wá. Ó fa fọ́tò kan yọ: obìnrin àgbà kan nínú aṣọ funfun ìjọ Kérúbù, tó ń rẹ́rìn-ín. Mùnírátù wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Màmá Jẹ́jẹ́ ni. Gift ń béèrè pé yàrá wo ni màmá òun wà. Tísà ń wo ilẹ̀. Ẹni tó bá ṣe nǹkan ló yẹ kó sọ ọ́, Mùnírátù ló sì sọ ọ́.

"Àná la sin ín, ọmọ mi."

Gift jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ilé. Ó ní fọ́tò tí tísà fi ránṣẹ́ ti dé orí fóònù òun láti bí oṣù mélòó kan. "Mo rí híjáàbù, mo ní kì í ṣe màmá mi. N kò wo ojú. N kò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn." Àná ló tún rí i, tó wá fara balẹ̀ wò ó. Dọ́káàsì lorúkọ ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ tí wọn kò rí i mọ́ ni wọ́n ti ń wá a. Ilẹ̀ tí wọn yóò sin ín sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nílé, òun fúnra rẹ̀ ló yàn án kí iyè rẹ̀ tó ra.

Àwọn kan nínú ilé ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ó rọrùn láti sọ, kì í ṣáà ṣe ìyá tiwọn. Mùnírátù ní tirẹ̀ kò wí àwáwí kankan. Ó kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó lè bí, ó ròyìn gbogbo rẹ̀, tó fi dé orí àtẹ́lẹwọ́ tó rí tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Gift gbọ́ ọ tán, kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì bú u. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ síbẹ̀, kí òun gbé ìyá òun lọ sílé.

Áfáà Ṣàmsúdéènì bá wọn lọ. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé pé àwọn kì í hú ẹni tí wọ́n bá ti sin. Gift ní kò burú, kí wọ́n ṣáà fi ibojì hàn òun. Mùnírátù tẹ̀ lé wọn wọlé, òun tí kò wọ ìtẹ́ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Kò sì sẹ́ni tó dá a dúró. Inú ìtẹ́ náà kún fún òkìtì. Òkú pọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, òjò sì ti fọ ilẹ̀. Ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ tọ́ka sí òkìtì kan. Ó dúró. Ó tún tọ́ka sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní obìnrin méjì tí wọn kò kọ nǹkan sí orí wọn làwọn sin síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni. Áfáà wò ó títí, òun náà kò lè búra.

Gift yíjú sí Mùnírátù. "Màmá, èwo ni?"

Òun tó wẹ̀ ẹ́, òun tó wé e láṣọ, òun tó sọ fún tísà pé òun lẹni rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀.

Gift yọ ọ̀rá kan nínú báàgì. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó bu ilẹ̀ díẹ̀ láti orí òkìtì àkọ́kọ́ sí i, ó bu díẹ̀ láti orí èkejì, ó pa wọ́n pọ̀.

"Ẹ bá mi bẹ ẹnì kejì," ló wí fún Mùnírátù, "kó má bínú pé mò ń gbé òun náà lọ sí ìlú wa."

Ẹrẹ̀ ti bo ọwọ́ rẹ̀, kò lè so ọ̀rá náà. Mùnírátù ló bá a so ó.