Èèkàn Lẹ́bàá Ibojì Yísà

Rasheed kì í gba àlejò gbọ́. Ọmọ apẹja ni, abúlé wọn wà létí òkun, lẹ́yìn Ajah. Ó ti rí bí ilẹ̀ wọn ṣe ń lọ. Ẹ̀rín ni àwọn tó ń gba ilẹ̀ kọ́kọ́ máa ń bá wá. Wọ́n á na okùn, wọ́n á kan èèkàn mọ́lẹ̀. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, katakata ti dé. Bí oko àgbọn bàbá rẹ̀ ṣe lọ nìyẹn.

Ohun tó kù tí kò lè jẹ́ kó lọ ni ibi tí Yísà wà. Yísà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bómi lọ nígbà òjò tó kọjá. Ní tiwọn, ẹni tí òkun bá pa, wọn kì í gbé e wọ̀lú. Ibi tí omi bá gbé e jù sí ni wọ́n ń sin ín sí. Wọn kì í rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé e. Abẹ́ igi àgbọn kan ni tiẹ̀. Yanrìn lásán ni àlejò máa rí. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀: ẹ má fi han àjèjì, kí wọ́n má lọ hú u lẹ́yìn wa.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Rasheed ń tún àwọ̀n ṣe. Ó rí bàbá kan, ìyá kan àti ọmọbìnrin wọn lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, wọ́n ń bọ̀ létí omi níbi tí yanrìn ti le. Ẹrù kún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wọn bíi ti ẹni ń sá ogun.

Ó ń wò wọ́n. Aṣọ olówó, kẹ̀kẹ́, nínú oòrùn yìí? Kí ni wọ́n ń wá?

Abẹ́ igi àgbọn yẹn ni wọ́n dúró sí. Bàbá náà na okùn. Ó mú èèkàn irin, ó fi òòlù gbá a wọlẹ̀.  Rasheed sáré débẹ̀, ó fa èèkàn náà tu.

"Ọ̀gá, ta ló rán yín?"

"Bọ̀dá, ẹ rọra. Bíọ́dún lorúkọ mi. Àgọ́ la fẹ́ pa, ká sùn mọ́jú."

"Ẹ ò nílé ni?"

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ilé wa wà ní Abraham Adésànyà. Ọkọ mi ló ní ká wá fi ìyà gbafẹ́. Kẹ̀kẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi nídìí!"

Rasheed ò rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó gba oko wa náà mọ ẹ̀rín rín."

Ọmọ wọn na aṣọ àgọ́ sí i. "Àgọ́ ni lóòótọ́, sà." Rasheed fọwọ́ kàn án. Aṣọ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá wọn ilẹ̀ lè mú ọmọ dání.

"Ṣé ilẹ̀ yín ni?" Bíọ́dún bi í.

Tó bá dákẹ́, orí Yísà ni wọ́n máa sùn. Tó bá sọ̀rọ̀, ó ti fi han àjèjì. Ó nàka sí yanrìn náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi lẹ fẹ́ pàgọ́ lé."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Bíọ́dún. Ìyàwó rẹ̀ fa ọmọ sẹ́yìn. Wọn ò bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí ọ̀ọ́kán.

Nígbà tó yá, Bíọ́dún gbé ìrẹsì wá. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí lorúkọ ẹ̀gbọ́n yín?"

Rasheed wo fóònù tó wà lọ́wọ́ Bíọ́dún. Ṣé kó lè fi ibẹ̀ han àwọn tó ń gba ilẹ̀ ni? Kò gba ìrẹsì náà. Ó lọ gbé àwọ̀n rẹ̀ wá, ó jókòó sáàárín àgọ́ wọn àti Yísà, ó kọjú sí wọn.