Ẹni Tó Di Bẹ́líìtì Mi Mú

Nínú gbogbo panápaná tí Ọlọ́run dá, èmi nìkan ló fi tòmátì pa iná rí. Ní ọjà Mile 12 ni. Omi tán nínú ọkọ̀ wa, tírélà ń jó, mo bá gbá apẹ̀rẹ̀ tòmátì mú, mo ń dà á lé iná lórí títí iná fi ní òun túúbá. Ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn mi, ó di bẹ́líìtì mi mú bó ṣe máa ń ṣe tí mo bá gbé rọ́bà omi dání. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn, kí agbára omi má bàa gbé ẹni iwájú ṣánlẹ̀.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ tó gbà wá ti ẹ̀ka panápaná rẹ̀ ní Ìkòsì pa. Wọ́n ta ọkọ̀ wa fún àwọn onírin ní Owódé. Wọ́n ní owó ìfẹ̀yìntì wa ò ní bá a wọlẹ̀, iléeṣẹ́ mìíràn ni yóò máa san án, àmọ́ kí kálukú mú ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wá sí gbọ̀ngàn kan ní Kétu. Ẹni tí kò bá lẹ́lẹ́rìí, wọ́n á yọ ọ́. Owó yẹn ni mo fi ń jẹun.

Méjì-méjì làwọn èèyàn ń wọlé. Èmi nìkan jókòó ti ògiri.

"Daddy, ẹlẹ́rìí yín ńkọ́?" Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ló bi mí.

"Ó ń bọ̀."

"Àtàárọ̀ lẹ ti ń wí bẹ́ẹ̀."

Mo bá sọ ìtàn tòmátì fún un, kó lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àlùbọ́sà ńkọ́, Daddy? Ẹ ò fi sí i?"

Ẹnu ìyẹn la wà tí ọ̀rẹ́ mi fi wọlé dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ sẹ́yìn mi, ó di bẹ́líìtì mi mú gírígírí. Ọmọbìnrin náà kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Ti tòmátì kì í ṣe irọ́. Ti ọ̀rẹ́ mi nirọ́. Ó ti kú kí wọ́n tó ti ẹ̀ka wa pa. Ìyàwó rẹ̀ ló wá, ó wá béèrè ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá ní, "Ta ló fọ tòmátì kúrò lára yúnífọ́ọ̀mù ọkọ mi? Èmi yìí ni! Òun àti bàbá yìí ni wọ́n jọ pa iná yẹn." Mo jẹ́rìí sí ọkọ rẹ̀, òun náà jẹ́rìí sí mi, wọ́n ní bí kò tilẹ̀ bá wa ṣiṣẹ́, ẹ̀rí rẹ̀ tó, wọ́n gbà fún àwa méjèèjì. Ó wọ ọkọ̀ Ìṣẹrì, èmi fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Kò sẹ́ni tó di bẹ́líìtì mi mú lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un.