Àjàní àti Mọ́tò Tó Wà Lọ́nà

"Gbìrì-gbìrì-gbìrì, pòòò!" Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ akóṣu ṣe máa ń ké wọ Ìkòyí-Ilé nígbà tí Sìkírátù ṣì wà ní kékeré. Bí ó bá ti gbọ́ ọ báyìí, imú ni yóò fọwọ́ dì. Àbúrò rẹ̀ Àjàní yóò sì máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n jí ìyá rẹ̀ gbé. Ariwo yìí gan-an ni Àjàní, ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ, ń fi ẹnu ṣe ní àgbàlá ilé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́jọ́ tó já Ọládipúpọ̀ sílẹ̀ ní ìkóríta Takie nínú mọ́tò tí kò tíì dé.

Àga mẹ́rin ló tò sábẹ́ òrùlé tó kọ́ de mọ́tò náà, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ọmọrí ìkòkò ló dì mú bíi sítíárìn. Ọládipúpọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wọlé wá, ó sì jókòó síwájú.

"Bọ́ sẹ́yìn," ni Àjàní wí. "Iwájú ti ní ẹni tó ni ín. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín."

"Àga ìjẹun yìí náà?"

"Mo ní bọ́ sẹ́yìn."

Ọládipúpọ̀ bọ́ sẹ́yìn. Wọn ò tíì rìn jìnnà tó fi sọ̀rọ̀. "O ti ń sáré jù. Ṣé o ò rí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń bọ̀ níwájú ni?"

"Ta ló ń wa mọ́tò?"

"Ìwọ ni, àmọ́ èmi lo fẹ́ pa."

Àjàní fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. "Takie rè é. Sọ̀ kalẹ̀."

"Ìwọ lo gbé mi, ìwọ lo máa gbé mi délé!"

"Wọ ọ̀kadà."

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Ọládipúpọ̀ jáde sójú títì, ó dá ọ̀kadà dúró, ó sì gùn ún délé.

Àwọn méjèèjì ló pe Sìkírátù ní Ọ̀yọ́ láti rojọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Àjàní ti kú báyìí, kí Ọlọ́run forí jìn ín, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ Takie yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń rántí.

Dírẹ́bà ni. Gbogbo agbára rẹ̀ ló fi wa mọ́tò onímọ́tò kiri, láti Sókótó dé Èkó, kò sì ní kẹ̀kẹ́ ológeere tirẹ̀. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ni Asiyah, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, bi í pé irú mọ́tò wo ló fẹ́. Kò tiẹ̀ ronú. "Èyí tí kì í mu bẹntiróòlù."

Sìkírátù mọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ akóṣu sìn ín lọ sílé ọkọ, ó bì láti Ìkòyí-Ilé títí dé Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Aṣọ ìyàwó rẹ̀ bàjẹ́, bàtà ìyá ọkọ rẹ̀ náà ò sì yè é. Òórùn bẹntiróòlù ni gbogbo ayé dá lẹ́bi. Láti ọjọ́ náà kò wọ mọ́tò mọ́. Nígbà tí ìyá wọn kú ní Ìkòyí-Ilé, Àkẹ̀sán ló ti sun ẹkún tirẹ̀. Ọjọ́ ogbó wá dé, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní tòsì ti lọ, tọ̀tún náà sì ti ń di ẹrù.

"Àjàní," ó wí lórí fóònù, "mo fẹ́ fi ojú mi rí Ìkòyí kí ojú náà tó lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mọ́tò tí kò ní òórùn ń bọ̀. Iná mànàmáná ló ń lò. Iwájú lẹ máa jókòó."

"Kó yára o. Ojú mi ò mọ sùúrù ṣe."

Ilé iṣẹ́ tó ń ta mọ́tò náà wà ní Èkó. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Goodness ló ń gbé fóònù níbẹ̀, àràárọ̀ ni Àjàní sì ń pè é.

"Ẹ kú àárọ̀ sà, Bàbá. Mọ́tò yín wà lọ́nà."

"Ọ̀nà wo?"

"Sà?"

"Kò sí ọ̀nà tí n ò mọ̀ nílẹ̀ yìí. Dárúkọ ibi tó dé, kí n sọ ibi tí kòtò wà fún ọ."

Nígbà tó yá, Goodness ní mọ́tò ti dé pọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ó ti kúrò ní pọ́ọ̀tù. Àjàní pa àkùkọ kan lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Wọn ò tíì jẹ àkùkọ náà tán tí Goodness fi ní mọ́tò wà ní pọ́ọ̀tù.

"Ó padà síbẹ̀? Kí ló gbàgbé?"

Kò sẹ́ni tó sọ ìdí. Bí Asiyah bá fi ìbínú pè wọ́n, wọ́n á ní kó fara balẹ̀. Àjàní ò tiẹ̀ lè bínú sí Goodness mọ́. Kí ààwẹ̀ tó parí, ó ti mọ orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì ti bá a parí ìjà òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú ayé Goodness ni Àjàní mọ̀ tán, àfi ibi tí mọ́tò wà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ iná sí mọ́tò náà ló kọ́kọ́ dé. Àjàní gbé e kọ́ ara ògiri, ó sì ń nù ún lójoojúmọ́. Ọládipúpọ̀ ti yọ́nú sí i nígbà náà, ó wá wò ó.

"Ìgbà wo ni wọ́n ń ra ìjánu kí wọ́n tó ní ẹṣin?"

"Ẹni tó ní ìjánu lọ́wọ́ ni wọ́n ń mú ẹṣin wá fún."

"Ẹṣin tìrẹ wà ní pọ́ọ̀tù, ó ń jẹ koríko."

Asiyah wá sílé ní ìsinmi, ó gbọ́ gbìrì-gbìrì tí bàbá rẹ̀ ń ṣe lórí àga, ó sì sọ fún un pé mọ́tò náà kì í pariwo. Àjàní gbé ọmọrí ìkòkò sílẹ̀.

"Báwo ni àwọn ọ̀tá mi á ṣe mọ̀ pé mo ń kọjá?"

"Bàbá, ẹ ò ní ọ̀tá kankan."

"Wọn ò tíì rí mọ́tò náà ni."

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Sìkírátù pè é. Kò ṣe àwàdà lọ́jọ́ náà. "Àjàní, iyọ̀ ni mo dà sínú tíì mi lónìí. Ṣúgà ni mo pè é."

 Nígbà tí Àjàní pe Goodness, kò bi í ní ọ̀nà, kò bi í ní pọ́ọ̀tù. "Ọmọ mi, kì í ṣe èmi ni mọ́tò yìí ń dá dúró. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni."

Bóyá Goodness ló lọ bá ọ̀gá rẹ̀ o, bóyá pọ́ọ̀tù ló sú mọ́tò náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ títí di òní. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni tírélà kan ṣàdédé dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àjàní!" Ọládipúpọ̀ ké láti orí ògiri. "Jáde o! Ó dé! Ó funfun báláú!"

Àjàní ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ kan ló fọ̀ tó fi dójú títì.

Ní ọjọ́ kejì, Sìkírátù ò gbọ́ ariwo mọ́tò kankan ní Àkẹ̀sán, àfi ohùn àbúrò rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jáde! Ẹ wá jókòó sí iwájú yín!" Ó wọlé, ó fín imú, ó tún fín in.

"Àjàní, kò rùn!"

"Mo sọ fún yín!"

"Kò rùn rárá!" Ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń kọrin, àwọn ará àdúgbò ń juwọ́ sí i. Ọládipúpọ̀ wà lẹ́yìn, ó ń gbe orin.

Kí wọ́n tó dé odò Ọbà, orin dákẹ́ níwájú.

"Ẹ̀gbọ́n wa, ṣé kò sí?" ni Ọládipúpọ̀ bi í. Sìkírátù la ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn kọ́ ló jáde.

 Mọ́tò náà ò tiẹ̀ ní ariwo tí ìbá fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Sìkírátù nu ẹnu, ó wo àbúrò rẹ̀.

"Àjàní, kì í ṣe bẹntiróòlù."

"Láti ọjọ́ tí a ti ń bú u!"

"A jẹ ẹ́ ní àforíjì," ni Ọládipúpọ̀ wí. Ni ẹ̀rín bá sọ, àfi ìgbà tí Àjàní páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kó tó lè rẹ́rìn-ín tán.

Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n dá yín padà sílé."

"Dá ta ni padà? Ojú ni mo bá wá, kì í ṣe ikùn. Máa wà á lọ."

Ó tún bì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó tún bì lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé Ìkòyí-Ilé. Ó rí ilé bàbá wọn, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Ó rí àpáta tí wọ́n máa ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Ó rí sàréè ìyá wọn, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ́ títí.

Ojú náà ti ṣú tán báyìí. Bí ẹni kan bá bi Sìkírátù léèrè ohun tó rí ní Ìkòyí, yóò ka ilé àti àpáta fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ku òun nìkan, ohun tó rí nígbà tó kúrò níbi sàréè ló ń padà rí. Àjàní lóṣòó sẹ́yìn ilé, agbada omi wà níwájú rẹ̀, ìró tí Sìkírátù bì sí lójú ọ̀nà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọṣẹ. Àwọn obìnrin ilé sáré lọ bá a.

"Bàbá, ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ ká bá yín fọ̀ ọ́."

"Ẹ lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi."

Ó fọ ìró náà, ó ṣan án, ó fún un. Ó sá a sórí okùn, ó sì rọra ń fi ọwọ́ na etí rẹ̀ kó má baà hunjọ.