Ọ̀rọ̀ Eré tí Bánkọ́lé Yí, àti Èyí tí Kò Gbà Láti Yí

Ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ìbòmú kòrónà sọnù ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kékeré kan tí ìjọ kan dá sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí àwọn kan ṣì ń jẹun níbẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Sẹ́kítírì ni gbogbo wọn ń pè mí, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lára mi títí di òní tí mo ti di olùkọ́, tí mo tún ń bá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ jà káàkiri. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń bi mí pé báwo ni a ṣe ń jà nígbà tiwa, ọ̀pọ̀ ìjà ni mo lè sọ fún yín, ṣùgbọ́n èyí ló dùn mí jù.

Kí a tó dé ibi ìjà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí kíláàsì. Olùkọ́ Òdúkọ̀yà ló ń kọ́ wa ní eré orí ìtàgé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn eré àtijọ́ tí àwọn ọba inú wọn kì í kú ikú àlàáfíà. Ọmọ Atíkòrí ni, inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí i sí, òun ló sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin wọn. Ohun tó máa ń ní kí a ṣe ni pé kí oníkálukú mú gbólóhùn olókìkí kan nínú àwọn eré náà, kí ó gun orí bẹ́ǹṣì, kí ó sọ ọ́ láìwo ìwé. Ẹnì kan á mú ti ọba tó pàdánù ẹṣin lójú ogun. Ẹlòmíràn á mú ti obìnrin tó ń fọ ọwọ́ tí ọwọ́ kò mọ́. Bí o bá fo ọ̀rọ̀ kan péré, tàbí o fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, Olùkọ́ á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Jókòó." Kò sí ẹ̀bẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ìran dé ìran ti ń sọ kí wọ́n tó bí wa, ta ni àwa tí a fẹ́ tún un ṣe? A ń pè é ní Bàbá Jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn gbólóhùn náà wọ̀ wá lára, débi pé ẹni tí owó rẹ̀ bá tán kí oṣù tó parí á dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ, á máa ké bí ọba tó ń wá ẹṣin.

Bánkọ́lé nìkan ni wọn kò sọ fún rí pé kó jókòó. Ọmọ Ìwópìn ni, létí omi. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bébà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń dún. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, bàbá padà sínú ọkọ̀ ojú omi, ẹja ló sì fi rán ọmọ níwèé. Ohùn Bánkọ́lé nípọn, ó sì mọ ibi tó yẹ kí ó ti dánu dúró. Nígbà tí a fẹ́ yan alukoro ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó bá a du ipò náà.

Ọ̀rẹ́ wa kan wà tó ń jẹ́ Mosún, ọmọ Mámu. Ìyá rẹ̀ jẹ́ aládùúrà, ọmọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Ikọ́ fée a máa dà á láàmú. Òfin kan sì wà ní ilé-ìwé wa tí àwọn tó dá a sílẹ̀ ṣe, pé wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Olúwa, wọ́n sì ka kílíníkì mọ́ iṣẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí wọ́n ń ṣe ìkórè, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èémí Mosún bẹ̀rẹ̀ sí í há. Bánkọ́lé gbé e pọ̀n, èmi gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, a sáré dé kílíníkì. Àgádágodo ńlá ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì ti lọ síbi ìkórè pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. A gbá ilẹ̀kùn títí ọwọ́ wa fi bó. Mosún wà láàyè lẹ́yìn Bánkọ́lé. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún un pé kó rọra, kó má fi ọwọ́ rẹ̀ ṣèṣe. Nígbà tí a fi rí mọ́tò tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ojú ọ̀nà ló kú sí, orí rẹ̀ wà lórí itan mi.

Ohun tí ilé-ìwé sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé orí ibùsùn ni wọ́n bá ọmọ náà, pé ó ti kú pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara pátákó nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ orí ibùsùn ló kú sí, kílíníkì kò jẹ̀bi, òfin ọjọ́ Àìkú kò jẹ̀bi, ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi. Ìyá wá kó ẹrù ọmọ rẹ̀. Ó ń bi wá pé ṣé ọmọ òun pe ẹnikẹ́ni ni, tí wọn kò dá a lóhùn. A fẹ́ sọ fún un, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìjọ tó tẹ̀ lé e kò jẹ́ kí a sún mọ́ ọn.

A ti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé pa. Ohun méjì péré ni a béèrè: kí kílíníkì máa ṣí ní gbogbo ọjọ́, kí wọ́n sì lọ sí Mámu lọ sọ òtítọ́ fún ìyá Mosún. Bánkọ́lé gun orí tábìlì. Ó ti sọ̀rọ̀ dáadáa fún ìgbà díẹ̀ kí inú tó bí i dé góńgó. Ìgbà náà ló ki ọwọ́ bọ inú kíláàsì, ó yọ gbólóhùn olókìkí kan jáde, láti inú eré tí àwọn ìjòyè kan ti pa olórí wọn, tí ọ̀kan nínú wọn sì yíjú sí àwọn ará ìlú, tó ń kéde fún wọn pé òmìnira ti dé, pé ìjọba ìkà ti kú. Bánkọ́lé kò sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó yọ ìjọba ìkà kúrò, ó fi ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa síbẹ̀. Ó ké e lẹ́ẹ̀mejì. Àwa náà hó yèè, ọ̀pọ̀ fóònù sì wà lókè.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹnì kan gé ibi tó ti ké gbe yẹn nìkan, ó fi í sórí Wasáàpù. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó ti gbọ́ pé ọ̀gá àgbà ti kú, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ kéde. Wọ́n gbé àga lọ sí ilé rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ dé pẹ̀lú ìwé orin. Ìyá ọ̀gá àgbà, arúgbó tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tú gèlè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Abẹ́òkúta ni ọ̀gá àgbà ti ń bọ̀ láti ìpàdé. Ó yà sí àdúgbò rẹ̀, ó bá àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lójúde, àwọn mìíràn sì fi àga sílẹ̀ sá lọ. Nígbà tí a gbọ́, a rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìyá arúgbó ti ru, pé wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ̀rín wá gbẹ lẹ́nu wa. Bàbá mi pè mí lórí fóònù. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, kì í pariwo. Ó kàn sọ pé, "Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. A kì í kéde ikú alààyè, kódà ká ní eré ni," ó sì pa fóònù.

Wọ́n pe Bánkọ́lé síwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n ní ó ń wá ikú ọ̀gá àgbà. Bí ẹ̀sùn náà bá ṣí mọ́ ọn lórí, wọn á lé e, ó sì ku ìdánwò àṣekágbá kan ṣoṣo. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè gbà á sílẹ̀ ni Olùkọ́ Òdúkọ̀yà, torí òun ló kọ́ wa ní gbólóhùn náà. Èmi àti Bánkọ́lé lọ bá a nílé. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò tilẹ̀ rántí pé ó yẹ kí n kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ fún wọn pé inú eré ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ó wo Bánkọ́lé, ó wò mí.

"Sẹ́kítírì," ó ní, "n ó sọ pé inú eré ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí síwájú sí i, n ó dáhùn."

Wọ́n bi í síwájú sí i. Èmi wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó kọ́kọ́ sọ pé gbólóhùn náà lókìkí, pé òun ló fi kọ́ ọmọ náà, ara sì tù wá díẹ̀. Àlùfáà àgbà tó wà láàárín wọn wá ní kí ó sọ ọ́ fún wọn bó ṣe wà nínú ìwé. Olùkọ́ dìde. Ó bọ́ fìlà. Ó sọ gbólóhùn náà látòkèdélẹ̀, lọ́nà tó ń gbà sọ ọ́ fún wa ní kíláàsì, kò sì fo nǹkan kan. Àlùfáà bi í pé níbo ni ọ̀gá àgbà wà nínú èyí tó sọ yìí. Ó ní, "Kò sí níbẹ̀, sà." Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Lọ́jọ́ náà mo kórìíra òtítọ́, mo sì kórìíra ẹni tó sọ ọ́.

Bánkọ́lé kò jiyàn. Ó ní òun ló yí i, pé inú ló bí òun, pé òun ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ọ̀gá àgbà ní ọsibítù, ìyá sì ti gbé ọwọ́ lé òun lórí. Òótọ́ ni, wọ́n sì mọ̀. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ rọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ó ní kí Bánkọ́lé kàn dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó tọrọ àforíjì, kí ó sì sọ pé nígbà tí òun gbé Mosún dé kílíníkì, ó ti kú. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, á ṣe ìdánwò rẹ̀.

Mo ń wo Bánkọ́lé, mo sì ń gbàdúrà pé kó gbà. Mo fẹ́ kó gbà, n kò ní purọ́ fún yín. Mo ń ro bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi.

"Ẹ forí jì mí, sà," Bánkọ́lé ní. "Ọ̀rọ̀ eré ni mo yí. Ti Mosún kò ṣe é yí. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi."

Àlùfáà yíjú sí Olùkọ́, ó ní kí ó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Olùkọ́ Òdúkọ̀yà ṣì wà lórí ìdúró. Ó ní, "Ẹ má rán mi níṣẹ́ yẹn. Ó sọ ọ́ pé, kò fo ọ̀rọ̀ kan."

Wọ́n lé e. Olùkọ́ ló bá a gbé àpótí rẹ̀ dé gáréèjì. N kò kí Olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, ẹ sì mọ ohun tó túmọ̀ sí fún ọmọ Ìjẹ̀bú láti kọjá lára olùkọ́ rẹ̀ láìkúnlẹ̀. Mo ti ń kí i báyìí. Inú mi kò tíì yọ́ sí i tán, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó kọ́ Bánkọ́lé láti má yí ọ̀rọ̀ kò lè wá bá a yí i níwájú ìgbìmọ̀. Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti mú òtítọ́ wọn.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí a rí gbà. Kílíníkì ń ṣí ní gbogbo ọjọ́, ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú, ọkọ̀ kan sì wà níwájú rẹ̀ fún àwọn aláìsàn. Wọ́n ṣe é láàárín oṣù tí wọ́n lé Bánkọ́lé, wọ́n sì kọ orúkọ ọ̀gá àgbà sára ògiri. Mo ti pàdé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n gbà là níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà. N kò bá a jiyàn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú ni. Ṣùgbọ́n inú bí mi délé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jà fún ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín: ẹ lè ṣẹ́gun nínú ìjà, kí orúkọ ẹlòmíràn sì wà lára ògiri. Bí ẹ kò bá lè gbé ìyẹn mì, ẹ má gun orí tábìlì.

Ọ̀gá àgbà yẹn ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tuntun tó gba ipò rẹ̀ jẹ́ ẹni rere. Ní ọdún tó kọjá, ó ránṣẹ́ sí mi pé òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Bánkọ́lé, pé òun ṣe tán láti gbà á padà kí ó wá ṣe ìdánwò kan ṣoṣo tó kù, wọn kò sì ní béèrè pé kó sọ ohunkóhun. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi lọ sí Ìwópìn. Bánkọ́lé wà létí omi, ó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ṣe. Èrò ló ń fi ọkọ̀ náà gbé kọjá ọ̀sà báyìí. Mo jíṣẹ́ fún un. Ó nu ọwọ́, ó jókòó tì mí, ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tuntun náà. Ó wá bi mí bóyá wọ́n ti lọ sí Mámu, bóyá wọ́n ti sọ fún ìyá Mosún pé ọmọ rẹ̀ kò dá nìkan kú, pé àwa wà lọ́dọ̀ rẹ̀, pé ilẹ̀kùn ni kò ṣí. Mo ní àwa ti lọ sọ fún un lẹ́yìn tí a jáde, ṣùgbọ́n ìyá ní ohun tí ìjọ sọ fún òun lòun gbà, pé ìjọ kì í purọ́.

"Nígbà náà, kí ìjọ kọ́kọ́ lọ," ó ní. "Bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, èmi náà á wá."

Mo gbé èsì náà padà fún ọ̀gá tuntun. Ó gbọ́, ó mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ náà wúwo, pé òun máa gbé e síwájú àwọn àgbà ìjọ. Mo ti lọ rán an létí. Ìyá Mosún ti ń darúgbó, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò sì jìnnà láti kọ́lẹ́ẹ̀jì náà dé Mámu rárá. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn kò tíì lọ.