Ìparí Orin A-Tho

Ọjọ́ tí wọ́n bí Bong-tshi, bàbá rẹ̀ kò kúrò lóko wá wò ó. Ọmọbìnrin kẹrin ni, ayọ̀ sì ti tán nílé kó tó dé. Ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni pé kí wọ́n ṣáà máa bọ́ ọ náà. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Heng-tshun. Bí ẹ bá pè é lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjà, obìnrin mẹ́rin ni yóò dáhùn, kò sì ní sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò bínú. Èmi ni mo máa ń bá wọn bínú.

Ọ̀nà méjì lorin gbà wọ inú ọmọ yìí. Èkíní ni ìyá rẹ̀, obìnrin tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ le koko látàárọ̀ dalẹ́, àfi bó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ oko ọ̀dùnkún tó ń roko. Níbẹ̀, orin ni yóò máa kọ, ohùn rẹ̀ á sì rọ̀. Bong-tshi a máa tẹ̀ lé e lọ sóko tí ẹnikẹ́ni kò rán an lọ, kó lè ṣáà gbọ́ ohùn yẹn. Èkejì ni Khun, afọ́jú olórin tí í wá sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́ńpìlì wa lásìkò ẹ̀fúùfù, tòun ti gìtá rẹ̀ olókùn méjì tí ikùn rẹ̀ rí roboto. Ọmọ náà a gbé ìrẹsì olómi wá fún un, bàbá náà a sì fi orin dúpẹ́. Khun ló kọ́ ọ ní gìtá títa, òun náà ló kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga gbọ́ ìjà àwọn obìnrin, tí ìjà náà yóò sì ti di orin kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

"Òfin méjì péré ni mo ní," Khun sọ fún un. "Má forúkọ alààyè sórin, torí bó bá ti jáde lẹ́nu ẹ, o ò lè pè é padà mọ́. Má sì parí orin lọ́jọ́ tó o bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ibi tómi bá ti ń bọ́ lójú wọn gan-an ni kó o ti dákẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ìyókù, wọ́n á padà wá lọ́la."

"Tí mo bá wá kú mọ́jú ńkọ́, Bàbá?"

"Á jẹ́ pé wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ẹ títí ayé nìyẹn. Lọ bu omi wá fún mi."

Bong-tshi lọ́kọ. Ọkọ náà jẹ́ ọmọlúàbí, kò tilẹ̀ ṣe tó ọdún méjì tí wọ́n jọ gbé. Ogun àwọn ará Japan gbé e lọ sí erékùṣù kan lókè òkun, kó lọ máa rẹrù fún ṣọ́jà, kò sì padà. Oyún wà nínú ìyàwó. Ó bí ọmọbìnrin, ó sì sọ ọ́ ní A-Tho, orúkọ èso kan tó pupa tó sì dùn, kí ẹnikẹ́ni má bàa pe ọmọ tòun ní orúkọ tí wọ́n pe òun.

Ọmọ náà ń lọ sọ́dún mẹ́ta nígbà tí ebi wọlé tì wọ́n. Ọ̀dùnkún jẹrà nílẹ̀, ìyá ọkọ kú, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ sì kẹ̀yìn sí i. Àkókò yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Ko dé, olóògùn àrìnká tí í kiri àlẹ̀mọ́ ìrora àti òróró ìpara. Ó gbọ́ tí Bong-tshi ń kọrin níwájú tẹ́ńpìlì, ó sì ní kó máa bá òun lọ.

"Ọmọ mi ńkọ́?" Bong-tshi bi í.

"Olórin ni mò ń wá, mi ò wá abiyamọ. Ìgboro kọ́ la ti ń tọ́mọ."

Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ilé tó bá lọ́mọkùnrin a máa gba ọmọbìnrin kékeré wọlé, wọ́n á tọ́ ọ dàgbà, á sì di ìyàwó ọmọ wọn. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ìwà ìkà. Òfin ibẹ̀ ni pé ìyá tó bí ọmọ kò gbọdọ̀ yọjú mọ́ títí wọn yóò fi so ọmọ náà pọ̀ mọ́ ọkọ, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ síbi tó wà. Bong-tshi rí ilé kan ní Tang-kang létí òkun, àwọn tí ń fi iyọ̀ sí ẹja tà. Ó mú A-Tho jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ẹja kan tó ga ju ọmọ náà lọ.

"Jókòó ti ìkòkò yìí, mò ń lọ ra súìtì fún ẹ."

"Èyí tó pupa o, Màámi."

Ìyá ní ó dáa. Kò bojú wẹ̀yìn títí ó fi kọjá afárá, kò sì padà lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn, torí ohun tí orin sọ yàtọ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, orin jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ìlú Tai-lam, níbi tí òun àti Ko ti ń kiri oògùn. Ìkòkò wà níbẹ̀, súìtì wà níbẹ̀, ó sì pe A-Tho lórúkọ tààrà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin Khun ni. Ó ní bí orin kò bá ṣeé pè padà, kó máa lọ, kó máa lọ títí yóò fi dé Tang-kang. Ìparí orin náà ni kò bá Ọ̀gbẹ́ni Ko lára mu.

"Ìyá bá tirẹ̀ lọ, ó tán?" Ko pariwo. "Ta ló máa wá ra oògùn lẹ́yìn ìyẹn? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lọ sílé lọ pokùnso ni? Dá ìyá padà, Bong-tshi! Dá a padà!"

Bong-tshi bá dá a padà. Nínú orin, ẹsẹ̀ ìyá kọ̀ lórí afárá. Ó yíjú, ó sáré, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sómi, ọmọ sì fò mọ́ ọn lọ́rùn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọ ọ́, òun gan-an sunkún ayọ̀ débi pé okùn gìtá rẹ̀ tutù. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ibẹ̀ nìkan ló ti ń rí ọmọ rẹ̀ gbé mọ́ra.

Ọdún mọ́kànlélógún ló fi rìn. Ó kọ orin àwọn tó ń wa iyọ̀, ó kọ ti onílé tó ń gbowó ilé lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ ti ẹ̀fúùfù Heng-tshun tó gba fìlà lórí ọlọ́pàá. Ó sùn lórí bẹ́ǹṣì, ó sùn nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ran, ó jẹ nínú ìrẹsì tí wọ́n fi rúbọ. Ìlú tí wọ́n bá sì dé, orin A-Tho ni wọ́n á bèèrè. Lọ́jọ́ kìíní, yóò dákẹ́ síbi tí ọmọ ti ní "èyí tó pupa o." Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn á padà wá gbọ́ bí ìyá ṣe sáré, inú wọn á dùn, wọ́n á sì ra àlẹ̀mọ́.

Nígbà tí rédíò fi wọ gbogbo ilé, tí àwọn tó ń dúró ti olóògùn sì ń dín kù, ìròyìn dé pé wọ́n ti so A-Tho pọ̀ mọ́ ọmọkùnrin ilé yẹn, ó sì ti bímọ méjì. Òfin ti tú. Bong-tshi ní kí Ko gbé àwọn lọ sí Tang-kang. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé báyìí: kí ọmọ rẹ̀ pe òun ní ìyá, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n pàtẹ níwájú tẹ́ńpìlì ìlú náà. Bong-tshi kò tíì kọrin jìnnà tó fi rí i láàárín èrò: ọ̀dọ́ obìnrin kan tó pọnmọ, tó wọ bàtà rọ́bà apẹja. Iwájú orí ọkọ Bong-tshi tó ti kú ló wà lórí obìnrin náà. Ó kọrin dé ibi ìkòkò, ó dé ibi súìtì. Gbogbo èrò ń nu ojú, obìnrin yẹn nìkan ni kò sunkún. Ó ṣáà ń wò ó.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn. Ká ní ó tẹ̀ síwájú ni! Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń dúró síbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Ko sì ti fò sórí àpótí tó ń na àlẹ̀mọ́ sókè. Kí ó tó dìde, obìnrin náà ti lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé inú Bong-tshi dùn. Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, á padà wá lọ́la, gbogbo wọn ni í padà wá. Bó bá gbọ́ bí ìyá ṣe sáré lórí afárá, á dárí jì mí. Ọgbọ́n olóògùn ló fi ń wá ọmọ tirẹ̀.

A-Tho padà wá lóòótọ́. Àárọ̀ ló wá, ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì níbi tí Bong-tshi ti ń jẹun.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá olórin."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Bong-tshi. "A-Tho."

"Ẹ jókòó. Mi ò ní pẹ́, ẹja ń dúró dè mí."

"Ọmọ mi, orin yẹn kò tíì parí. Tó o bá wá lọ́sàn-án òní—"

"Mo mọ ìparí ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí tí ọkùnrin kan tó wá ra ẹja kọ ọ́ fún mi. Ó ní, 'A-Tho, orin ẹ wà níta o, ìyá ẹ ti ń bọ̀.' Ni mo bá lọ jókòó ti ìkòkò. Àràárọ̀ ni. Tójò bá ń rọ̀, màá gbé agbọ̀n borí. Wọ́n nà mí, wọ́n bẹ̀ mí, mi ò dìde. Àwọn ọmọ àdúgbò á máa kọrin lé mi lórí: 'Ó ti dé afárá! Ó ti dé afárá!' Ìgbà tí mo di mọ́kànlá ni ìyá ọkọ mi gbé òòlù, ó fọ́ ìkòkò yẹn wómúwómú, ó sì gbá mi mọ́ra. Òun nìyá mi."

"Mo forúkọ ẹ síbẹ̀ kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹ ni."

"Ó dé. Ẹ̀yin lẹ ò dé."

Omi ń bọ́ lójú Bong-tshi sínú ìrẹsì tó dà sílẹ̀.

"Mi ò wá bá yín jà," A-Tho ní. "Ẹ ṣáà má kọ ọ́ mọ́. Àkọ́bí mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni."

"Orin náà nìkan ni mo ní o, A-Tho. Inú orin yẹn ni mo ti ń rí ẹ."

"Mo mọ̀." Ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ló sì burú jù. "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n kúrò níbẹ̀."

Ọmọ tó pọ̀n ti jí, ó ń wo Bong-tshi. Bong-tshi na ìka kan sí i. A-Tho fún ọ̀já rẹ̀ le, ó sì gba ọ̀nà ebúté lọ.

Lọ́sàn-án, èrò pọ̀ ju ti àná lọ. Ko ti ń fọ́nnu láti òwúrọ̀ pé òní ni ìyá ń padà. Bong-tshi jókòó, ó wo orí gbogbo wọn títí dé ẹ̀yìn, kò rí ẹni tó pọnmọ.

"Orin yẹn parí síbi tó dé lánàá," ó ní.

Wọ́n rò pé àwàdà ni. "Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kẹ́kún tí mo sun lánàá ṣòfò o!" obìnrin kan kígbe, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

"Ṣé orí ẹ pé?" Ko sọ ọ́ sí i létí. "Dá ìyá padà, jàre."

"Kò padà," Bong-tshi dáhùn, gbogbo wọn sì gbọ́.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu èrò. Ìyá arúgbó kan tó jókòó níwájú pátápátá na ọrùn. "Háà! Ṣé ó kú sọ́nà ni?"

"Kò kú, Ìyá."

"Àìsàn ló dá a wólẹ̀?"

"Rárá."

"Kí ló wá ṣe é?"

Bong-tshi gbé gìtá kúrò lórí itan rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan tó ṣe é, Ìyá," ó ní. "Kò kàn padà ni."